Bí Mo Ṣe Sọ fún Ìńgà Pé Ara Bàbá Rẹ̀ Kò Yá

Ó ti rẹ̀ mí kí wọ́n tó mú Ìńgà wá bá mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò fi wá àwáwí o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Ìlá, ní àwọn ọdún tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́. Àwọn òbí tí kò rí ohun tí ìwé lè ṣe fún ọmọ tẹ́lẹ̀ rí i lójijì. Wọ́n ń kó wọn wá láti oko ní wọ̀ǹtì-wọnti. Ọmọ mẹ́ta máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó yẹ kí ọmọ kan ààbọ̀ jókòó sí, síléètì kan sì ni ọmọ méjì ń jà lé lórí. Bí mo bá ń fi A han àwọn ti iwájú, àwọn ti ẹ̀yìn á ti máa yọ ìkúùkù síra wọn. Nígbà tí aago ìparí bá fi máa lù, ohùn mi á ti há.

Ọkọ mi wà ní Kùmásì, ó ń ṣòwò aṣọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mò ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi, Bọ́sẹ̀, tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀yìn ń ro ìyá ọkọ mi, kò lè pọn ọmọ, nítorí náà ẹ̀yìn tèmi ni Bọ́sẹ̀ máa ń wà bí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ti dé láti yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni, ìwé ló bá lọ síbẹ̀ bí àwọn ọmọ tiwa náà ti ń bá ìwé lọ. Ó fẹ́ kọ ìwé ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa bí àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìgbómìnà ṣe ń ṣe epo pupa. Ó ń wá obìnrin tó mọ̀wé, tí yóò máa bá a sọ Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò sì máa bá a tún ohun tó kọ sílẹ̀ yẹ̀ wò.

Mo ní, "Ọ̀gá, láti àárọ̀ ni mo ti ń bá ọmọ sọ Yorùbá."

Ó ní, "Tíṣà, èyí ò ní jà."

Báyìí ni iṣẹ́ mi kejì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìńgà gba yàrá kan nínú agbo ilé wa. Láàárọ̀, á tẹ̀lé àwọn obìnrin lọ sí ẹbu, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n ti ń gún un, tí wọ́n ti ń fi omi fọ epo jáde lára rẹ̀. Tí ó bá di aago mẹ́rin, á wẹ̀, á mú ìwé rẹ̀, á wá jókòó tì mí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ga, ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí oòrùn bá ti pa á díẹ̀. Kì í jókòó sórí àga bí ìyá ọkọ mi bá jókòó sórí ẹní. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí.

Èdè tó ń sọ ń pa wá lẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ mi, Yorùbá inú ìwé ló ń kọ́. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ẹbu, Ìgbómìnà pọ́ńbélé. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn aláta sì ń já lu ìwàásù náà. Lọ́jọ́ kan, ó bá bàbá kan tó sùn lọ lórí àga níwájú ilé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú oorun, bàbá." Bàbá náà ta jí, ó ní kò sí ohun tí òun ń sùn, òun ń ronú ni. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo ní a kì í kí ẹni tó ń sùn. Ó fi léèdì kọ ọ́ sílẹ̀: a kì í kí ẹni tó ń sùn. Ó ní ó yẹ kí ẹ̀yà ìkíni kan wà fún un, nítorí kò rí nǹkan mìíràn tí a kì í kí ènìyàn fún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi gan-an sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo jí, Bọ́sẹ̀ kò sí lẹ́yìn mi mọ́. Ìńgà ti gbé e sórí ẹsẹ̀, ó ń ka orúkọ gbogbo ohun tó wà ní àgbàlá fún un ní ohùn jẹ́jẹ́: adìẹ, ìkòkò, igi, ìyá rẹ tó ń sùn. Ó ní, "N ò kí yín." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ó bá ti dé, á kọ́kọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. N kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí aago mẹ́rin.

Bí ọ̀rọ̀ ti ń gun ọ̀rọ̀, mo mọ ilé wọn bí ẹni tó ti débẹ̀ rí. Apẹja ni bàbá rẹ̀, Ìńgà nìkan ni wọ́n bí. Òkun wà ní ẹnu ọ̀nà wọn, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bàbá rẹ̀ ló ní kí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ìyá rẹ̀ ń sunkún pé ọmọ kan ṣoṣo kì í rìnrìn àjò. Bàbá náà ló ń kọ lẹ́tà sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́tà kúkúrú, iye ẹja, irú afẹ́fẹ́ tó fẹ́. Ìńgà á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún mi gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àmúṣe. Mo ń wá àṣìṣe nínú gbólóhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń fi ọkàn bá bàbá náà jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá báyìí. Ìgbà epo ti ń parí. Iṣẹ́ ẹbu ńlá kan ṣoṣo ló kù tí àwọn obìnrin agbo ilé wa fẹ́ ṣe pọ̀, Tọ́sìdè ni wọn yóò sì fọ epo rẹ̀. Ìńgà ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tó dé, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ti lè rí bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ìyàwó ilé àti ọmọ ilé.

Ní Fúráìdè tó ṣáájú rẹ̀, awakọ̀ kan tó ti Ìbàdàn bọ̀ yà sí ilé-ìwé, ó fún mi ní lẹ́tà. Ọ̀gá kan tó ń bójú tó Ìńgà ní Ìbàdàn ló kọ ọ́, èmi ló sì kọ ọ́ sí. Ó ní wáyà dé láti Nọ́wè pé bàbá Ìńgà ti kú. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò sin ín. Òun ti gba ààyè fún un nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ ní Wẹ́sìdè. Kí n jọ̀wọ́ sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí òun mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi, kí n sì fi í sínú ọkọ̀ Ìbàdàn.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì níwájú àwọn ọmọ tó ń pariwo. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun. Mo ti ń wo bí yóò ṣe jókòó tì mí ní aago mẹ́rin, tí yóò na ọwọ́ láti gba Bọ́sẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ fi tó létí. Ó bu omi sílẹ̀.

Ó ní, "O ò ní sọ fún un."

"Màmá, wọ́n ní kí n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn. Ta ní í túfọ̀ fún ọmọ lẹ́yìn odi? Bí ó bá dákú síbí, ta la óò ké sí? Sọ fún un pé ara bàbá rẹ̀ ò yá, kí ó máa lọ sílé. Bó bá dé àárín àwọn èèyàn rẹ̀, wọn á sọ èyí tó kù."

Ohun tí èmi náà mọ̀ ni. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Bí òbí bá kú, tí ọmọ wà ní àjò, ẹni tó lọ pè é á ní ara àgbà kò dá, wọ́n ní kí o wá. Ọmọ á wo ojú ẹni náà. Kò ní béèrè jù. Á di ẹrù, á máa sunkún díẹ̀díẹ̀ nínú ọkọ̀, nígbà tó bá fi máa rí ilé, ọkàn rẹ̀ á ti gbé e. Èyí ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí mo mọ̀. N kò mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mìíràn wà.

Nígbà tí Ìńgà dé ní aago mẹ́rin, mo ní kí ó jókòó. Mo ní, "Ọ̀gá rẹ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ara bàbá rẹ kò yá. Ó ní kí o tètè wá, kí Wẹ́sìdè tó pé, kí o lè lọ wò wọ́n."

Ó wo ojú mi. Ó ní, "Ṣé ó le?"

Mo ní, "Kò le."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ikọ́ ni, ó máa ń ṣe bàbá òun bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún bí òtútù bá ti wọlé. Ó ní ọ̀gá òun máa ń já láyà. Nígbà tí ibà ṣe òun díẹ̀, ó ti fẹ́ dá òun padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun yóò kọ lẹ́tà sí bàbá òun lálẹ́ yìí, òun yóò sì lọ sí Ìbàdàn ní Tọ́sìdè, bí wọ́n bá ti fọ epo tán.

Mo ní, "Ìńgà, lọ lọ́la."

Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ má bínú. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró de ẹbu yìí."

Ní Sátidé, àwọn obìnrin agbo ilé wá jókòó tì í, nítorí ìyá ọkọ mi ti sọ fún wọn. Ẹni mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n kí i, wọ́n dákẹ́, wọ́n káwọ́ lé itan. Báyìí ni a ṣe ń bá ẹni tí nǹkan ṣe jókòó. Inú Ìńgà dùn gan-an pé àlejò pọ̀ tó báyìí lọ́dọ̀ òun. Ó gbé ẹ̀pà fún wọn, ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ta ló ni ihá ẹyìn nígbà tí wọ́n bá fún epo rẹ̀ tán, ta ló ni èkùrọ́. Wọ́n ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tí wọ́n jáde, èyí tó dàgbà nínú wọn sọ fún mi pé ọmọ náà gbójú, pé kò jẹ́ kí ọ̀fọ̀ ó mú òun mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Mo gbà á gbọ́. Ní Sọ́ńdè, wọ́n gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹrí ba dáadáa. Ní Mọ́ńdè, ó ti ẹbu bọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Èéfín ni, ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti iná ẹyìn rí mọ̀ pé èéfín ni. Ṣùgbọ́n mo sọ nínú ọkàn mi pé ó ti sunkún, pé ó ti yé e. Mo ní bóyá báyìí ni àwọn tiwọn ṣe ń ṣe ọ̀fọ̀, wọ́n ń fi iṣẹ́ bò ó. Mo tún sọ fún un pé, "Ìńgà, Wẹ́sìdè mà ń bọ̀." Ó ní òun mọ̀. Ẹ̀rí ọkàn mi ní kí n la ẹnu. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn ọmọ wà nílẹ̀ tí n kò tíì yẹ̀ wò, eyín ń yọ lẹ́nu Bọ́sẹ̀, kò jẹ́ kí n sùn fún alẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ já àṣà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ló máa ń tọ̀.

Wọ́n fọ epo náà ní Tọ́sìdè. Ó dára, ó pọ́n dòdò. Ìńgà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́sàn-án, ó wọ ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí wa, ìyá ọkọ mi sì yí ojú sí ògiri.

Túsìdè tó tẹ̀lé e ló padà wá kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn ti kí i kú ara fẹ́ra kù ní ẹnu ọ̀nà, nítorí ó rò pé mo ti sọ fún un láti ọjọ́ yìí wá. Ẹnu ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni ni ó ti gbọ́ ọ. Ọkọ̀ òfurufú ti lọ ní Wẹ́sìdè, lánàá ọjọ́ tó dé Ìbàdàn, kò sì sí òmíràn tó lè mú un débẹ̀ kí Sátidé tó kọjá.

Aago mẹ́rin ló wọ agbo ilé. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó. Kò na ọwọ́ sí Bọ́sẹ̀.

Ó ní, "Lọ́jọ́ Fúráìdè yẹn, ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Mo bi yín bóyá ó le. Yorùbá ni mo fi bi yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ní kò le."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní níbí, bí a bá ti ní ara àgbà kò yá, kí ọmọ máa bọ̀, ọmọ á ti mọ̀.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọmọ náà?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un. Ó kàn máa ń mọ̀ ni."

"Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń dirun. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń lọ sódò. Ẹ ò kọ́ mi ní èyí."

"Ìńgà, kò sẹ́ni tó kọ́ èmi náà."

Inú ń bí i gidigidi, síbẹ̀ kò já "ẹ" kúrò lára ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ìyẹn dùn mí ju bí ì bá ti bú mi lọ.

Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí."

Mo ní, "O ti mọ̀."

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́."

Mo wo ẹnu ọ̀nà bóyá ìyá ọkọ mi wà nítòsí. Ó wà níbẹ̀, ó di férémù ìlẹ̀kùn mú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì fi ẹnu mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ olóògbé rí.

Mo ní, "Ìńgà, bàbá rẹ ti kú."

Ó mi orí. Ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n sin wọ́n?"

"Ní Sátidé."

"Ta ló di apá ìyá mi mú?"

Mo ní, "N ò mọ̀."

Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀." Ìgbà náà ni ó tó sunkún. Ìyá ọkọ mi jáde, ó jókòó tì í sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro ó.

Ó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dágbére fún olúkúlùkù, ó sì dágbére fún èmi náà. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nígbà tó yá, ó fi ẹ̀dà iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ mi wà nínú àwọn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ojú ewé àkọ́kọ́. N kò lè ka ibẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo kọ́ àwọn àjèjì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òkìkí kàn pé tíṣà kan wà ní Ìlá tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ òyìnbó ní Yorùbá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a tó ṣí ìwé, mo máa ń bi olúkúlùkù wọn pé bí ìròyìn burúkú bá dé sí ọ láti ilé, báwo ni o ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́? Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Gbogbo wọn ló ní kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ bí ó ti rí. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Títí mo fi fẹ̀yìntì, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò tún dé ọwọ́ mi láti sọ, mo sì dúpẹ́.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìńgà, àwọn àgbà méjì wá bá mi nílé-ìwé láti Ọ̀rà, níbi tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n ní ara bàbá mi kò fi bẹ́ẹ̀ yá, kí n jẹ́ ká jọ máa lọ. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe jẹ́. Ṣé wọ́n ti kú ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù wo ilẹ̀, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ lọ wọ bàtà yín."

Mo lọ wọ bàtà mi.